Kí Ló Ń Sọ Ilé Ìjà Di Ilé Ẹ̀kọ́? Ìgbésí Ayé Jigoro Kano

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìjà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọmọọ̀ta. Láti ọdún 2016 tí Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá, ti gba bẹ́líìtì àgbáyé, àwọn òbí tó máa ń fi pàṣán lé ọmọ kúrò nídìí ìjà ti ń dá ọ̀rọ̀ náà rò. Nígbà tó di 2019 tí Israel Adesanya, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó, gba ti UFC, ìjà àdàlù tí wọ́n ń pè ní MMA náà wọ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa.

Àbúrò mi kan tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ wà lára wọn. Ọmọ ọdún 16 ni. Ó ní kí n bá òun bẹ Màmá wa kí wọ́n san owó ilé ìjà fún òun. Màmá kò kọ̀, àmọ́ wọ́n bèèrè ohun kan: báwo la ṣe máa mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ gidi ni, tí kò ní jẹ́ pé wọ́n á gba owó wa tán, wọ́n á tún dá ọmọ lápá? Àbúrò mi kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde.

Tó bá ṣe ìjàkadì àwọn baba wa ni, ìbéèrè náà ì bá má le. Nínú ìjàkadì, ilẹ̀ ni adájọ́. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ ti ṣubú, kò sí ìwé ẹ̀rí tó lè gbé e dìde. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ojú agbo. Èèyàn lè jẹ́ akin lójú agbo kó má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹlòmíràn lè wọ aṣọ funfun, kó de bẹ́líìtì dúdú, kó lẹ àwòrán mọ́ gbogbo ògiri, kó má sì sí nǹkan kan nínú agbárí rẹ̀. Ọkùnrin ará Japan kan wà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè Màmá. Jigoro Kano ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe bọ́ọ̀lù

Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1860 ni wọ́n bí Kano ní Mikage, ìlú etíkun kan tó ti di ara Kobe báyìí. Ọtí ìrẹsì, sake, ni ìdílé wọn ń pọn. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Tokyo, ó sì fi í sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi èdè òyìnbó kọ́ni, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Kano mọ̀wé, pàápàá èdè. Ara rẹ̀ ni kò tó nǹkan. Títí tó fi dàgbà, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 157 lọ, nígbà tó sì wà ní ọ̀dọ́langba, kò wọ̀n tó kílò 50. Àwọn tó jù ú lọ nílé ẹ̀kọ́ ń fi í ṣe bọ́ọ̀lù.

Ó gbọ́ pé ìjà àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní jujutsu, tí ẹni kékeré lè fi dá ẹni ńlá. Ó wá olùkọ́ títí, kò rí. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n sọ fún un pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Òótọ́ sì ni. Láti 1868 tí ìjọba Meiji ti dé, ìbọn, ọkọ̀ ojú irin àti ìwé òyìnbó ni Japan kọjú sí. Àwọn samurai, ìyẹn àwọn jagunjagun, ti pàdánù ipò wọn, nígbà tó sì di 1876 ìjọba fòfin de idà gbígbé. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìjà kò rí akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yíjú sí eegun títò, nítorí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ oríkèé mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà sípò.

Ní 1877, Kano wọ Yunifásítì Tokyo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan tó ń to eegun sí ọ̀dọ̀ òmíràn, ó ń bèèrè ẹni tó ṣì ń kọ́ni. Ọ̀kan nínú wọn ló júwe Hachinosuke Fukuda fún un.

Olùkọ́ mẹ́ta

Bí Fukuda ṣe ń kọ́ni rọrùn láti sọ, ó le láti fara dà. Ó máa ń gbé ọmọ ṣánlẹ̀. Kano tó jẹ́ ọmọ ìwé a bèèrè bí ọwọ́ ṣe lọ àti bí ẹsẹ̀ ṣe wọlé. Fukuda a tún gbé e ṣánlẹ̀. Ó gbà pé ara ló ń kọ́ ìjà. Ohun tí wọ́n ń ṣe jù níbẹ̀ ni ìjà ìdánrawò, tí ẹnì kejì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ̀ láti ṣubú.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nílé ìjà náà, Kanekichi Fukushima, tó sanra débi pé Kano kò lè mì í. Ó gbìyànjú ọgbọ́n àwọn oníjàkadì sumo, kò ràn án. Ó wá lọ sí ilé ìkówèésí, ó ka ìwé nípa ìjàkadì àwọn òyìnbó, ó sì rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé èèyàn kọ́ èjìká bí ẹni gbé àpò ìrẹsì. Ó fi í dánra wò fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ tó dán an wò lára Fukushima, Fukushima fò sókè, ó sì balẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1879, Ulysses Grant tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí wá sí Tokyo. Wọ́n ṣe àfihàn jujutsu fún un, Kano sì wà lára àwọn tó ṣe é. Kò pẹ́ sígbà náà ni Fukuda kú. Ìdílé rẹ̀ kó àwọn ìwé àjogúnbá ilé ìjà náà lé Kano lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà. Ó ní ìwé, ó ní orúkọ olùkọ́ tí kò lè jí dìde wá já a nírọ́. Ká ní orúkọ ló ń wá ni, ì bá ti ṣílé tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Dípò bẹ́ẹ̀, ó tún lọ di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Masatomo Iso, ẹni tó mọ àwọn ìṣe àbáláyé ìjà náà létòlétò. Nígbà tí Iso náà kú ní 1881, ó lọ sọ́dọ̀ Tsunetoshi Iikubo, tó jẹ́ ti ẹ̀ka mìíràn tí wọ́n ń pè ní Kito, níbi tí wọ́n ti mọ èèyàn gbé ṣánlẹ̀ gan-an. Olùkọ́ mẹ́ta, ẹ̀ka méjì, gbogbo wọn lórúkọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí, kò sì ṣàjèjì sí wa. Bí télọ̀ tàbí mẹkáníìkì bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun ní Ṣágámù, ohun tí àwọn èèyàn máa ń fẹ́ mọ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, àti bóyá ó gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìjà, ó yẹ ká lè bi í bákan náà, kó sì dá wa lóhùn láìbínú.

Láti ọnà sí ọ̀nà

Ní 1882, ọmọ ọdún 21 ni Kano. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, níbi tó ti kọ́ nípa ìṣèlú, ọrọ̀ ajé àti lítíréṣọ̀, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 22, mo sì wà ní ọdún ìkẹyìn. Mo mọ ohun tí àwa ń ṣe ní irú àkókò yẹn: à ń sá fún súpáfáísọ̀. Kano gba yàrá nínú tẹ́ḿpìlì ẹlẹ́sìn Búdà kan tó ń jẹ́ Eishoji, ó tẹ́ ẹní 12, ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 9 ló rí ní ọdún àkọ́kọ́. Ìtàn sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣubú ń mi tẹ́ḿpìlì náà tìtì, àwọn igi abẹ́ ilẹ̀ sì ń dá, tí Kano fi ní láti máa tan fìtílà wọ abẹ́ ilé lọ tún wọn ṣe.

Kò pe ohun tó ń kọ́ni ní jujutsu. Ó pè é ní judo. Ọ̀rọ̀ náà ti wà tẹ́lẹ̀, òun ló kàn sọ ọ́ di tirẹ̀. Àwa ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì kan náà ni: ju, tó jẹ mọ́ ẹ̀rọ̀, kéèyàn yẹ̀ fún agbára dípò kó dojú kọ ọ́. Ìparí wọn ló yàtọ̀. Jutsu ni ọgbọ́n iṣẹ́, do ni ojú ọ̀nà tí èèyàn ń tọ̀. Ní èdè Yorùbá, ohùn kan péré ló wà láàárín méjèèjì: láti ọnà bọ́ sí ọ̀nà. Ẹni tó ní ọnà lè tà á fún ẹ. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà ń rìn ín lọ́wọ́ bíi tìrẹ, ó kàn ṣáájú ẹ ni. Kodokan, orúkọ tó sọ ilé náà, túmọ̀ sí ilé tí a ti ń kọ́ ọ̀nà.

Ẹni tó bá mọ Ìkẹ́nnẹ́ kò ní ṣàìrántí Táí Ṣólàrín níbí. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956, nígbà tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé ìwé, wọn kò ní ìjọ kankan lẹ́yìn. Iṣẹ́ tí olùkọ́ àti ọmọ jọ ń ṣe lójoojúmọ́ ló sọ ọ́ di ilé ìwé tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ọdún 74 ló wà láàárín Eishoji àti Ìkẹ́nnẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jọra.

Olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ṣánlẹ̀

Nígbà tí Kano ti ṣílé tirẹ̀, Iikubo ṣì ń wá sí Eishoji láti kọ́ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Iikubo ló máa ń gbé Kano ṣánlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nǹkan yí padà: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀yá ìjà, Iikubo ló ń ṣubú. Kano ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá dúró dáadáa, agbára ńlá ló lè gbé e, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ fà tàbí tì títí ìdúró rẹ̀ fi yẹ̀, ọmọdé lè dá a. Iikubo ní kó ṣàlàyé, ó ṣàlàyé. Olùkọ́ náà kò bínú. Ó gbà pé òun kò ní ohun tí òun tún fẹ́ kọ́ ọ mọ́, kò sì pẹ́ tó fi kó gbogbo ìwé ìmọ̀ ẹ̀ka Kito fún un.

Èmi rò pé ọjọ́ yẹn ni Kodokan di ilé ẹ̀kọ́ gidi. Ibi tí wọ́n ti lè gbé ọ̀gá ṣánlẹ̀, tí ọ̀gá á dìde, tí á bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, òtítọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀gá kò ti ń bọ́ sórí ẹní rárá, ìtàn ìgbà tó jẹ́ akọni nìkan ni wọ́n ń tà fún yín.

Kano ṣe ohun mìíràn tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ó yọ ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti àwọn ohun tó lè dá èèyàn lápá ní kíá kúrò nínú ìjà ìdánrawò. Ó fi wọ́n sínú àwọn ìṣe tí wọ́n ti là sílẹ̀ nìkan. Ó jọ pé ó sọ ìjà náà di ẹ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́ kù, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gbogbo agbára ṣe é lójoojúmọ́ kó sì padà sílé pẹ̀lú eegun rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó lè pani, tí kò dán an wò rí lára ẹni tó ń jà padà, kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣubú láìfarapa sì ni wọ́n máa ń kọ́ ẹni tuntun kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹlòmíràn.

Òun náà ló mú ipele wọ inú ìjà. Ó yá a lọ́wọ́ eré Go, eré orí ọpọ́n tí àwọn ará Japan máa ń ta. Ní 1883, ó fún Tomita àti Saigo ní ipele kìíní, shodan. Bẹ́líìtì dúdú dé ní nǹkan bíi 1886. Shodan, bí a bá tú u, ipele ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó gba bẹ́líìtì dúdú ti mọ a, b, d, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwọ̀ yòókù, Yúróòpù ni wọ́n ti gbòde nígbà tó yá. Ẹ rántí èyí tí ẹnìkan bá ń ta bẹ́líìtì fún ọmọ yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀

Ní àárín àwọn ọdún 1880, àwọn ọlọ́pàá Tokyo pe oríṣiríṣi ilé ìjà kí wọ́n wá bára wọn jà. Àwọn ọmọ Kano dojú kọ àwọn ọmọ ilé Totsuka, tí òkìkí wọn kàn nígbà náà, wọ́n sì borí nínú èyí tó pọ̀ jù. Láti ìgbà náà làwọn èèyàn ti mọ Kodokan.

Ìyókù ìtàn náà ni kì í sábà wọ ẹnu àwọn tó ń polówó. Mataemon Tanabe, ọ̀gá nínú ìjà orí ilẹ̀, na àwọn kan nínú àwọn ọmọ Kodokan, nítorí pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí ìjà bá dé ilẹ̀. Kodokan kò sọ pé ìjà rẹ̀ kò bófin mu. Wọ́n lọ kọ́ ìjà orí ilẹ̀. Ní 1922, Kano pe Gichin Funakoshi láti Okinawa wá fi karate han àwọn ọmọ rẹ̀. Ní 1930, ó lọ wo Morihei Ueshiba, ẹni tó dá aikido sílẹ̀, ó sì rán akẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún nígbà méjèèjì, ó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan nípa ìrìn àjò rẹ̀ láti Yúróòpù ní 1891. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ará Rọ́ṣíà fìrìgbọ̀n kan fẹ́ dán an wò. Kano gbé e, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ kó má baà fọ́. Ọwọ́ abẹ́ orí yẹn ni màá wá tí mo bá dé ilé ìjà kan.

Tíṣà títí dọ́jọ́ ikú

Iṣẹ́ tíṣà ni Kano fi jẹun. Láti 1893, ó lé ní 20 ọdún tó fi darí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà ní Tokyo. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ láti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kàwé ní Japan ní 1896, òun ló gbà wọ́n, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ èdè Japan sílẹ̀ fún wọn. Lu Xun, tó padà di òǹkọ̀wé ńlá ní Ṣáínà, kọ́ èdè Japan níbẹ̀ ní 1902. Ní 1909, Kano di ọmọ Éṣíà àkọ́kọ́ nínú ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé. Eléré ìdárayá 2 péré ló kó lọ sí Stockholm ní 1912.

Ilé tó dá sílẹ̀ kò mọ́ pátápátá. Ó ṣí ẹ̀ka àwọn obìnrin ní 1926, ìyẹn sì ju ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà náà lọ. Ó pe Keiko Fukuda, ọmọ ọmọ Fukuda olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú Kano, obìnrin yìí dúró lórí ipele karùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé obìnrin ni. Ọdún 2006, nígbà tó ti lé ní ẹni 90 ọdún, ni Kodokan tó fún un ní ipele kẹsàn-án. Ilé ẹ̀kọ́ lè jẹ́ gidi kó sì tún rẹ́ èèyàn jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà gbogbo.

Ní 1938, Kano lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì ní Cairo. Òtútù àyà mú un nínú ọkọ̀ Hikawa Maru bó ṣe ń padà sílé, ó sì kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ní ẹni ọdún 77.

Ẹní 12 yẹn kò kú. Mitsuyo Maeda, ọmọ Kodokan, dé Bùràsíìlì ní 1914, ó sì kọ́ Carlos Gracie ní ìjà. Ní 1993, Royce Gracie, ọmọ àbúrò Carlos, ló borí nínú UFC àkọ́kọ́. Apá kan MMA tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wò lórí fóònù, láti Eishoji ló ti ṣàn wá. Nígbà tí judo sì wọ Òlíńpíìkì ní Tokyo ní 1964, ará Nẹ́dálándì kan, Anton Geesink, dá akọni Japan, Akio Kaminaga, ní ìlú wọn, lójú gbogbo ayé. Àwọn ará ìlú Geesink fẹ́ sáré gorí ẹní láti yọ̀; ó na ọwọ́ dá wọn dúró, ó sì tẹrí ba fún ẹni tó dá. Ó dun àwọn ará Japan, àmọ́ kò sí ẹ̀rí tó ju èyí lọ pé ohun tí Kano kọ́ni ṣeé kọ́.

Ní ti ìbéèrè Màmá, èsì rẹ̀ kò sí lára ògiri. Tí ẹ bá dé ilé ìjà kan ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ibikíbi, ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Ṣé wọ́n ń kọ́ ẹni tuntun bí wọ́n ṣe ń ṣubú? Ṣé àwọn ọmọ ń bá ẹni tó ń kọ̀ láti ṣubú jà, àbí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́? Ṣé ọ̀gá ń bọ́ sórí ẹní? Ṣé àlejò lè wọlé wá jókòó wò? Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé ta ló kọ́ ọ. Bí ẹ bá rí gbogbo èyí, ẹ san owó náà, kódà kí ẹní wọn má ju 12 lọ.